Bí Mo Ṣe Wá Ọ̀nà Abẹ́rẹ́ Ìyá Ìkòyí Dé Táílàńdì

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Ara le, ẹrù mi kò sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tíì jẹ́ kí n lè sọ ìtàn náà já geere. Ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí ẹnìkan bá ti bi mí pé, "Múfú, ìlú òyìnbó ńkọ́?" n ó kọ́kọ́ sọ fún un pé kì í ṣe ìlú òyìnbó, n ó wá rántí ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá kan níbẹ̀, ẹ̀rín á sì gbà mí. Wọ́n á dúró, wọ́n á dúró, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Oníṣẹ́ iná ni mí. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n Ìkòyí-Ilé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìkòyí. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Ilé-iṣẹ́ gàrí Alhaji kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nídìí agbada ńlá kan tí mọ́tò ń yí, tó ń yan gàrí. Bí agbada náà bá yára jù, gàrí kò ní gbẹ. Bí ó bá lọ́ra jù, gàrí á jóná. Ìyá kò kàwé, kò sì wo aago rí nídìí iṣẹ́ yìí. Mítà abẹ́rẹ́ kan tó wà lára ògiri ni ó ń wò. Ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ojú gíláàsì rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sí kí gàrí tó dùn. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ń wo àmì yẹn, gàrí rẹ̀ kò sì bà jẹ́.

Àfìgbà tí díráìfù àtijọ́ jóná. Díráìfù ni àpótí tí ń sọ fún mọ́tò bí yóò ṣe sáré tó, òun náà ló sì ń ròyìn eré yẹn fún mítà. Alhaji ra tuntun, èmi ni mo so ó. Mọ́tò yí, gbogbo ènìyàn yọ̀, abẹ́rẹ́ nìkan ni kò bá wa yọ̀. Ojú díráìfù ń sọ pé mọ́tò ti sáré dé òpin, abẹ́rẹ́ kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà rẹ̀, ó kàn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo yí gbogbo sẹ́tìnnì inú rẹ̀ padà, mo tún un yí padà, mo fi lálàá. Gàrí jóná mọ́ Ìyá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Múfú, mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá o. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ yìí kò bá gbọ́, mo máa fi ẹni tó lè ka nọ́ńbà ojú díráìfù síbẹ̀. Kí Ìyá lọ sinmi nílé."

Etí Ìyá kò di. Nígbà tí Alhaji lọ tán, ó ní, "Sinmi? Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí?" Ó yí padà sí agbada rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba ìdí ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ ìyá yìí, a ti gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ìdajì, èmi tí mo so díráìfù ni mo sì gbà á.

Ibi tí mo ti ń ronú ni ìròyìn ayọ̀ ti dé. Àwọn tó ta díráìfù fún Alhaji sọ pé ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kan wà ní Táílàńdì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníbàárà wọn, ẹnìkan lè wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alhaji ní kí n lọ. "Abẹ́rẹ́ ni kí o lọ bá mi wá o," ó ní, "má lọ máa ya fọ́tò." Ìyá di gàrí sínú ẹrù mi. Ó ní ẹni tó ń lọ síbi tí kò mọ̀, kó gbé oúnjẹ tó mọ̀ dání.

Ẹ̀gẹ́ ní ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ní òsì

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú dà yín láàmú. Ẹ ṣáà fojú inú wò mí nínú mọ́tò kan ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí a ti fi ìlú ńlá sílẹ̀, tí mo la ojú oorun, tí mo wo ìta. Ẹ̀gẹ́ ni mo rí. Ẹ̀gẹ́ ní ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ní òsì, ewé kan náà tó wà ní Ìkòyí-Ilé, igi kan náà, erùpẹ̀ pupa kan náà. Mo ké fún awakọ̀ pé kó dúró. Ó rò pé mo fẹ́ bì, ó dúró kíákíá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di ewé ẹ̀gẹ́ kan mú, mo sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Awakọ̀ náà wò mí, ó wo ewé, ó bá fi fóònù ya fọ́tò èmi àti ewé.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ẹ̀gẹ́ yẹn, kò sí gàrí níbẹ̀. Sítáàṣì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n tún ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a sóòrùn, màlúù á jẹ ẹ́. Wọ́n tún ń sọ ọ́ di róbótó-róbótó dúdú, wọ́n á dà á sínú tíì tútù, àwọn ọ̀dọ́ á máa fi sítírọ́ọ̀ ńlá fà á mu. Mo mu ún. Ó ń yọ̀ lẹ́nu, mo sì gbé e mì láì jẹ, kí n má bàa tàbùkù ẹni tó fún mi.

Ẹni tó fún mi ni olùkọ́ mi. Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ló ti ń dúró dè mí, bàbá kúkúrú kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, nítorí náà fóònù rẹ̀ ló ń bá wa túmọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu fóònù náà ni pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Bí àjèjì bá bi yín nírú ìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó bi í bóyá ó fẹ́ bá yín dá ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Mo ní ọdún mọ́kànlélógójì. Ó ní òun jẹ́ méjìdínláàádọ́rin, ojú rẹ̀ tú ká, ó fọwọ́ lu àyà, ó ní, "Lung." Fóònù ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. Àṣé ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè ọjọ́ orí nìyẹn, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe pe ara wọn. Bí ẹnìkan bá jù ọ́ lọ díẹ̀, Píì ni, bí o bá jù ú lọ, Nọ́ọ̀ng ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Láti kékeré ni mo ti rò pé àwa nìkan la ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láyé.

Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kò burú, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe nílé alfa. Lung tún kìlọ̀ ohun kan fún mi: orí ni ọ̀gá, ẹsẹ̀ ni ẹrú. A kì í na ẹsẹ̀ sí ènìyàn, pàápàá jù lọ sí àgbà tàbí àwòrán àgbà. Mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí, ẹ bá mi fi pamọ́ sápò.

Ìbẹ́pẹ nínú odó

Mo sọ fún Lung pé Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kò ṣe ojú kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ìlú náà, Fátímà lorúkọ rẹ̀. Mo ní, "As-salaamu alaykum." Ó ní, "Wa alaykumu salaam." Bí ọ̀rọ̀ tí a jọ mọ̀ ṣe tán nìyẹn. A dúró síbẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín síra wa bí ẹni tó rí ará ilé tó ti pẹ́ tó rí kẹ́yìn.

Ó wá gbé odó kékeré kan jáde. Mo ní há, iyán dé. Ìbẹ́pẹ tútù ni ó rẹ́ sínú rẹ̀, èyí tí kò tíì pọ́n, tí àwa ń fi sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ó da ata sí i, ó da omi ẹja kan tó ń rùn bí irú sí i, ó sì ń gún un. Ó na ìka sí ata, ó na ìka sí mi, ó mi orí. Mo ní kó má ṣèyọnu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ata kì í bá wa jà. Ẹ̀yin ará, mo sunkún. Omi ń bọ́ lójú mi, ó ń bọ́ nímú mi, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ, nítorí ó dùn. Fátímà gbé ìrẹsì lílẹ̀ fún mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn mí bí a ṣe ń ṣù ú jẹ. Mo ní ìyẹn kò nílò ẹ̀kọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń wò mí lójú ọ̀nà. N kò lè purọ́, ó kọ́kọ́ ń tì mí lójú láti jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo tó dúdú bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan fọwọ́ pa apá mi wò, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bóyá àwọ̀ mi ràn mọ́ ọn, nígbà tí kò rí nǹkan kan ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá kọjá, á fọwọ́ pè mí wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi.

Ní ọjọ́ Àìkú mo fi omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà po gàrí Ìyá Ìkòyí fún Lung. Ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ sínú fóònù, fóònù sì ní, "Màlúù ni a ti ń fún látẹ̀yìnwá."

Ìtìjú méjì

Ní àràárọ̀, Lung á mú mi lọ sí yàrá díráìfù, yàrá mímọ́ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí àwòrán olóògbé bàbá ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ sì kọ́ sí ara ògiri pẹ̀lú òdòdó tútù. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi bí díráìfù ṣe ń rán abẹ́rẹ́ níṣẹ́. Ó ní wáyà tíńrín méjì péré ló wà láàárín wọn, nítorí náà o gbọ́dọ̀ sọ fún díráìfù ohun tí o fẹ́ kó máa ròyìn, bóyá eré mọ́tò ni tàbí ẹrù tí mọ́tò rù. O gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Kọ́rẹ́ńtì kékeré ni iṣẹ́ náà ń bá rìn, láti orí mẹ́rin dé ogún. Mo bi í ìdí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó ní òdo ni òkú, mẹ́rin ni ẹni tó jókòó. Bí mọ́tò bá dúró, wáyà ṣì ń sọ pé mo wà níbí; bí wáyà bá já, ìgbà náà ni yóò dákẹ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ gbogbo ìyókù. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé, abẹ́rẹ́ kò sì gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbé mi wá nìyẹn, n kò sì lè bi í. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi tí Ọlọ́run kò rán níṣẹ́, mo ti sọ fún un pé ó ti pé ọdún méjìlá tí mo ti ń so díráìfù. Báwo ni n ó ṣe wá sọ pé èyí kékeré yìí borí mi? Lọ́dọ̀ tiwa ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í da ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu. Lung á ní, "Ṣé ó yé ọ?" Èmi á ní, "Ó yé mi, sà." Á rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi náà á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kejì ṣe lọ nìyẹn.

Ìyá pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

"Múfú, ṣé o ti rí i?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Alhaji ti mú ẹnìkan wá wo ẹ̀rọ. Ọmọ dáadáa ni, ó ń ka nọ́ńbà geere. Ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀."

"Kí lẹ sọ fún un, mà?"

"Mo kí i káàbọ̀. Kí ni n ó tún sọ?" Ó wá ní, "Kútẹ́ẹ̀sì mi ṣì wà lójú gíláàsì o."

N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Fátímà rò pé ata ni.

Ìdọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ ìkẹyìn dé, ọwọ́ mi sì ṣófo. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi mẹ́wàá péjọ sí yàrá díráìfù láti fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Lung fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo sì wo bàbá tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ mi, tó ń ra ìrẹsì fún mi, tó ń pè mí ní Nọ́ọ̀ng. Ṣé ọwọ́ ni kí n bọ̀ ọ́? Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Mo gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Mo gbọ́ tí gbogbo yàrá fa èémí sínú. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sápò jáde báyìí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo nà wọ́n tààrà sí àwòrán bàbá olóògbé.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Àwọn ọkùnrin méjì ṣáà sáré wá, wọ́n di kókósẹ̀ mi mú, wọ́n sì rọra yí mi bí ẹni ń yí bẹ́ǹṣì, títí ẹsẹ̀ mi fi kọjú sí ilẹ̀kùn. Orí mi náà yí lọ sí abẹ́ díráìfù tó kọ́ sára ògiri. Mo gbójú sókè láti bẹ̀ wọ́n, mo bá rí ikùn díráìfù náà.

Súwíìṣì kan wà níbẹ̀, pupa, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó dojú kọlẹ̀. Lẹ́tà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún fóólítì, ọ̀nà míràn tí díráìfù lè gbà ròyìn, ọ̀kan fún kọ́rẹ́ńtì tí Lung kọ́ mi. Ti Lung wà lórí kọ́rẹ́ńtì. Irú díráìfù tiwa gan-an nìyẹn; ó ní láti jẹ́ pé fóólítì ni tiwa fi ń ròyìn láti ọjọ́ tí mo ti so ó, mítà Ìyá kò sì gbọ́ ju kọ́rẹ́ńtì lọ. Kò sí sẹ́tìnnì tí mo lè yí lójú rẹ̀ tó lè yí ikùn rẹ̀ padà. Èmi tí mo ń wò ó ní ìdúró láti ọjọ́ yìí wá.

N kò dìde. Lung rò pé mo dákú, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ń pè mí, "Nọ́ọ̀ng, Nọ́ọ̀ng." Mo na ìka sókè. Ó fi awò sójú, ó tẹrí wò ó, ó wo ojú mi, ó sì fa fóònù yọ. "O kò mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Ojú ń tì mí, sà."

Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ sínú fóònù. Fóònù ní, "Láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí i pé ohun kan wà tí o kò mọ̀. Ojú ń tì mí láti bi ọ́."

Ẹ̀rín tó gbà wá, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó fi orí ti èjìká mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó dúró kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a lè dìde, Lung mú mi dé iwájú àwòrán náà, mo tẹrí ba, mo tọrọ àforíjì, ó sì fún mi ní òdòdó kan láti fi kún ti ibẹ̀.

Ilé

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ má bínú pé mo gba Ọ̀yọ́ kọjá tí n kò yà kí yín. Mo wọ mọ́tò míràn ní Takie, ó di Ìkòyí-Ilé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹni tuntun náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ti ń pọ́n, àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìyá nìkan ni mo bá nídìí agbada, ó jókòó lórí àpótí, ó ń wo abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n.

"Ẹ kúulé, mà." Mo dọ̀bálẹ̀.

"Káàbọ̀, ọkọ mi. O mà gbẹ o. Dìde, kí o jẹun."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo nǹkan kan, mà."

Mo pa iná, mo dúró kí èyí tó fara pamọ́ sínú díráìfù kú tán, mo sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Hóró ìrẹsì pupa, lórí fóólítì. Mo fi ẹnu ìgbálẹ̀ kan tì í sí kọ́rẹ́ńtì, mo tan iná padà. Abẹ́rẹ́ lọ jókòó sí ìdí òdo rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n mọ́. Mo gbé eré sókè. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó ń gun òkè lọ bí àgbà tó mọ ilé tó ń lọ. Ó kù díẹ̀ kó kan kútẹ́ẹ̀sì, ó dúró. Ìyá di gàrí mú lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní agbada ti tó bó ṣe yẹ. Mo sún òpin abẹ́rẹ́ sókè díẹ̀ nínú sẹ́tìnnì, ó sì dúró sórí àmì pupa gan-an.

Ìyá wò ó títí. N kò mọ ìgbà tí mo rí omijé rẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní, "Fi ibi tí o fọwọ́ kàn hàn mí."

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, mà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

"Bí o bá tún rìnrìn-àjò ńkọ́? Ṣé kí n tún máa dúró dè ọ́ ni?"

Ó ti ń fún ìró mọ́ra. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tilẹ̀, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní ojú nìkan ni kí ó fi wò ó, kí ó má fọwọ́ kàn án. A gbójú sókè. Ó rí i. Ó ní, "Àṣé èyí ló fẹ́ lé mi sílé."

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Alhaji ti ìrun Jímọ̀ dé. Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ìyá àgbà àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n na gbalaja sílẹ̀, tí wọ́n gbójú sókè. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Subhaanallaahi. Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò rí èyí tó ń dọ̀bálẹ̀ rí. Múfú, gbé Ìyá dìde. Mo ti gbọ́. Mi ò yọ wọ́n mọ́. Kí abẹ́rẹ́ náà má ṣiṣẹ́ mọ́ láyé, mi ò yọ wọ́n."

Ìyá kò mira. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Alhaji. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kọ́ là ń bẹ̀. Ẹ wo mítà."

Alhaji gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ dúró lórí kútẹ́ẹ̀sì, agbada ń yí, gàrí ń ta sánsán. Ó wo mítà, ó wo wa nílẹ̀, ó tún wo mítà. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó, ó sì ká jalabíà rẹ̀ sókè.

"Ẹ sún díẹ̀ fún mi," ó ní.